Ṣé ẹ gba Al gbọ́?

Ẹ̀yin ará kíláàsì, ẹni tó bá ní fíìmù tí wọn ò náwó sí ò lè dáa, ẹ ní kó lọ wo Detour. Edgar G. Ulmer ló darí ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó jáde ní 1945. Ó fi díẹ̀ lé ní wákàtí kan.

Tom Neal ló ṣe Al, atẹdùùrù tó ń dá mọ́tò ọlọ́mọ́tò dúró lójú ọ̀nà kó lè dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́bìnrin ẹ̀ ní Los Angeles. Ọkùnrin kan gbé e, àfi bó ṣe kú lójijì. Ẹ̀rù ba Al pé wọ́n á lóun ló pa á, ló bá gbé òkú pa mọ́, ó gba mọ́tò àti orúkọ ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé Vera, tó mọ olówó mọ́tò gan-an! Ann Savage ló ṣe Vera. Hàà, obìnrin yẹn le! Bó bá wojú Al, èmi tí mò ń wò ó gan-an ń gbọ̀n.

Ẹ wo ọgbọ́n àìlówó: níbi tí Al àti ọ̀rẹ́bìnrin ẹ̀ ti ń rìn ní New York, kùrukùru ni wọ́n fi bo ojú títì tí wọn ò rówó kọ́. Mọ́tò àti yàrá ló pọ̀ jù nínú ìyókù, èèyàn méjì sì ń bára wọn jà níbẹ̀. Bí Neal àti Savage ò bá mọ̀ ọ́n ṣe, fíìmù ti bà jẹ́ nìyẹn.

Al fúnra ẹ̀ ló ń ròyìn, kò sí ẹlẹ́rìí kankan. Èèyàn méjì kú, ó ní òun ò mọ̀ọ́mọ̀. Èmi ò gbà á gbọ́ o. Ẹni tó bá gbà á gbọ́, ká pàdé ní àkókò ìsinmi.