Olúwa ti Àpápá àti Ilẹ̀ Rẹ̀

Ẹni tí ó bá dé èbúté Tin Can, tí a ṣí ní ọdún 1977, ọkọ̀ òkun àti ọkọ̀ akẹ́rù ni yóò rí. Ṣùgbọ́n kí a tó kọ́ èbúté sí agbègbè Àpápá, ilẹ̀ àwọn Àwórì ni. Ìtàn sọ pé Ọlọ́fin pín ilẹ̀ Èkó àti àyíká rẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, àti pé láti ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn Ìdẹ́jọ, ìjòyè onífìlà funfun, ti ṣẹ̀. Àpápá jẹ́ ti Olúwa. Kí orúkọ náà má ṣe rú wa lójú: oyè ni.

Kí ni agbára irú ìjòyè bẹ́ẹ̀? Àlejò tí ó fẹ́ dáko a máa tọ̀ ọ́ wá, a sì máa san ìṣákọ́lẹ̀. Ìjòyè ni í pín ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò dá a ní. Ti gbogbo ẹbí ni.

Ní ọdún 1861 ni Ọba Dòsùnmú fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ní ọdún 1913, ìjọba gba nǹkan bí éékà 255 ní Àpápá fún iṣẹ́ ìlú. Àmọ́dù Tìjání, ẹni tí ó jẹ Olúwa nígbà náà, béèrè owó ilẹ̀. Ilé ẹjọ́ wí pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò ju gbígba ìṣákọ́lẹ̀ lọ, àti pé owó ìwọ̀nba ẹ̀tọ́ yìí ni a óò san. Bí ìdájọ́ náà bá dúró, ewu bá gbogbo ilẹ̀ ẹbí ní Èkó.

Nítorí náà, ní ọdún 1920, Olúwa wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, òun àti Herbert Macaulay. Ní oṣù July, ọdún 1921, Privy Council, láti ẹnu Viscount Haldane, dájọ́ pé fífi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀. Pé ìlú àti ẹbí ni ó ni ín, ìjòyè sì ń ṣe àbójútó rẹ̀. Àti pé owó onílẹ̀ pátápátá ni kí ìjọba san. Ilẹ̀ náà kò padà, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ dúró.

Ní Jàpáànì, àwọn ìjòyè tí wọ́n ní agbègbè tiwọn wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ní ọdún 1871 ìjọba pa gbogbo agbègbè náà rẹ́, ó sì fún àwọn ìjòyè ní owó. Níbẹ̀, oyè àti ilẹ̀ pín níyà. Ní Àpápá, ìdájọ́ fi hàn pé ìjòyè kì í ṣe olówó ilẹ̀ bí kò ṣe ìríjú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí ó bá di ilẹ̀ ẹbí mú rántí èyí kí ó tó fọwọ́ sí ìwé títà.