Ìpele, Ìsọ̀rí àti Ìrísí-Àfipamọ́ nínú Yíya Àwòrán Ìtàgé

Àwa tí a máa ń kó akẹ́kọ̀ọ́ jọ ṣe eré-onítàn mọ̀ pé inú àwòrán ìtàgé kan náà ni káfíńtà, oníná àti olùdarí eré ti ń wá ohun tí wọn yóò ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ọ̀kan ń wá kọ́ ni èkejì ń wá. Ohun tí a fẹ́ ṣe níhìn-ín ni láti ṣàlàyé bí ètò kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní Vectorworks Spotlight ṣe ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó ṣe kókó. Layer ni a pè ní ìpele, class ni ìsọ̀rí, saved view sì ni ìrísí-àfipamọ́. Àwọn kan lè fara mọ́ 'kíláàsì' dípò ìsọ̀rí, ṣùgbọ́n yàrá ìkàwé ni yóò kọ́kọ́ sọ sí akẹ́kọ̀ọ́ lọ́kàn.

Gbogbo ohun tí a bá yà gbọ́dọ̀ ní ìpele kan àti ìsọ̀rí kan. Ìpele ń sọ ibi tí nǹkan wà. Ìsọ̀rí ń sọ irú ohun tí ó jẹ́. Ilẹ̀ ìtàgé lè jẹ́ ìpele kan, kí ọ̀pá tí a ń fi iná kọ́ jẹ́ òmíràn tí ó fi mítà 6 ga jù ú lọ. Iná tí a gbé sílẹ̀ lẹ́yìn ògiri ààfin àti èyí tí a fi kọ́ òkè kò sí ní ìpele kan náà, síbẹ̀ ìsọ̀rí kan ni wọ́n. Ṣebí 'ajá' lè wà ní ipò olùwà, ó lè wà ní ipò àbọ̀, ọ̀rọ̀-orúkọ náà ni! Nítorí náà, ẹni tí ó bá dá ìsọ̀rí kan tí ó pè é ní 'Òkè' ti da ipò pọ̀ mọ́ irú. 'Ògiri-Pákó' àti 'Ògiri-Aṣọ' ni ó dára. Bí a bá fi àmì ìdápọ̀ sí i báyìí, kọ̀ǹpútà yóò to méjèèjì sábẹ́ 'Ògiri'.

A lè jẹ́ kí ìpele tàbí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan hàn, kí ó pamọ́, tàbí kí ó hàn bàìbàì. Bí a bá ti tò ó bí káfíńtà ti ń fẹ́ ẹ, a ó fún ìtò náà lórúkọ, a ó sì fi pamọ́. Nígbàkígbà tí a bá pe orúkọ náà, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán yóò tún tò.

Ìrísí-àfipamọ́ kì í ṣe ẹ̀dà àwòrán o. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, àwa náà kò sì yọ ara wa sílẹ̀. Nígbà tí a ń múra eré kan sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣí ìrísí 'Káfíńtà', ó sún ògiri àti ìtẹ́ ọba ní mítà kan. Ó rò pé ti káfíńtà nìkan ni òun yí padà, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán gan-an ni ó yí. Iná tí ó pamọ́ kò bá ìtẹ́ lọ. Ní alẹ́ ìdánrawò, ojú ọba wà nínú òkùnkùn, iná sì ń tàn sórí ilẹ̀ lásán. A kò bá ọmọ náà wí, nítorí àwa ni a kò ṣàlàyé fún un.

Láti ọjọ́ náà, bàìbàì ni a ń fi iná sí nínú ìrísí 'Káfíńtà'. A kì í fi í pamọ́ mọ́.