Bí Ẹ Bá Fẹ́ Kó Àwọn Ọmọ Lọ Pàgọ́ Sí Etí Òkun Àgbádárìgì

Ní Mowe àti Ibafo, bí ènìyàn bá sọ pé òun ń lọ sí kámpù, ohun tí aládùúgbò rẹ̀ yóò kọ́kọ́ rò ni pé ìsìn ni ó ń lọ, nítorí ilẹ̀ àdúrà kò wọ́n ní ojú títì Èkó sí Ìbàdàn. Àgọ́ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ní ọ̀sẹ̀ yìí yàtọ̀. Èyí ni kí bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ di ẹní àti ìkòkò, kí wọ́n lọ sun oorun alẹ́ méjì létí òkun, kí wọ́n jẹ ẹja tútù, kí gbogbo wọn sì padà sílé ní pípé bí wọ́n ti lọ.

Àwọn kan yóò ní àṣà òyìnbó ni. Lóòótọ́, ní ọdún 1907 ni Baden-Powell kó àwọn ọmọkùnrin bí ogún lọ pàgọ́ sí erékùṣù Brownsea nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Sìkáòtù sì ti rú jáde. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin olùkọ́ ni ó ti wọ ṣòkòtò kúkúrú wọn rí. Ṣùgbọ́n ta ni bàbá bàbá rẹ̀ kò sun ahéré rí nígbà ìkórè?

Àgbádárìgì ni àwa yàn fún ará ilé wa. Ará Ifo yóò gba Sàngó Ọ̀tà, Àtàn àti Lùsàdà, yóò já sí Agbára. Ará Mowe àti Ibafo yóò gba Berger àti Òṣòdì dé Mile 2, kí ó tó yà sí ìhà ìwọ̀-oòrùn. Ojú títì yìí ni ó lọ sí ẹnu ibodè Sèmè, nítorí náà ọlọ́pàá àti kọ́sítọ́ọ̀mù kò wọ́n níbẹ̀. Kí ìwé ọkọ̀ pé, kí ẹ sì ti wà lọ́nà kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì.

Ìgbà wo ni kí a lọ? Ibí yìí ni ìjà ti máa ń bẹ́ sílẹ̀ láàrin ọkọ tí ó jẹ́ olùkọ́ àti ìyàwó tí ó ní ìsọ̀ lọ́jà. Ìsinmi gígùn olùkọ́ bọ́ sí àsìkò òjò, oṣù Kẹfà títí dé oṣù Kẹjọ sì ni òkun máa ń ru jù. Ìsinmi Kérésìmesì dára, ọyẹ́ ti dé, ilẹ̀ ti gbẹ, ṣùgbọ́n ìyàwó wo ni yóò ti ìsọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí gbogbo ayé ń ra aṣọ? Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ẹ lo àwọn ọjọ́ díẹ̀ tí ó wà láàrin ọdún tuntun àti ìwọlé àwọn ọmọ. Owó ti tán lọ́wọ́ oníbàárà nígbà náà. Ta ni ń ra léèsì ní ọjọ́ kẹta oṣù Kìn-ín-ní?

Ewu kan wà níbẹ̀ ṣá o. Owó ilé-ìwé táàmù kejì kò jìnnà sí ọjọ́ náà. Ẹ dá àjọ ìrìn-àjò yìí lọ́tọ̀ láti ìgbà Àjíǹde, kí a má bàa fi owó orí ọjà wọ ọkọ̀. Bí àjọ náà kò bá pé, ẹ lọ sùn ní alẹ́ kan ṣoṣo, tàbí kí ẹ lọ ní àárọ̀ kí ẹ bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá tí ó ní ọmọ lẹ́yìn lè gba yàrá ní ilé àlejò nínú ìlú. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Bí ẹ bá dé Àgbádárìgì, ọ̀sà ni ẹ ó kọ́kọ́ bá. Ọkọ̀ ojú omi ni yóò gbé yín kọjá sí Gberefu, ilẹ̀ tí ọ̀sà wà níwájú rẹ̀ tí òkun wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí tàgbà-tèwe wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì. Bí awakọ̀ bá ní tirẹ̀ kò pé iye yín, ẹ dúró de òmíràn. Ẹ má ṣe wọ ọkọ̀ omi lálẹ́.

Ilẹ̀ olówó ni ilẹ̀ náà, kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo. Ẹ rí àwọn àgbà abúlé kí ẹ tó na àgọ́, kí ẹ sì béèrè ohun tí ó jẹ́ èèwọ̀. Ilẹ̀ Ègùn ni, Zàngbétò sì ni olùṣọ́ òru wọn láti ayébáyé. Bí wọ́n bá ní kí àlejò má rìn lóru, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ó sàn kí ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin jọ lọ. A kò gba ìdílé kan ṣoṣo níyànjú.

Àgọ́ kò nílò owó púpọ̀. Tapólì tí ó nípọn, òpó mẹ́rin àti okùn ti tó. Èèkàn kì í dúró nínú iyanrìn, nítorí náà ẹ kó àpò ìrẹsì òfìfo dání, ẹ rọ iyanrìn kún un, ẹ so okùn mọ́ ọn, ẹ rì í mọ́lẹ̀. Òkun ń kún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ wo ibi tí ó kó ìdọ̀tí àná sí, kí ẹ sì na àgọ́ yín jìnnà sókè sí ibẹ̀. Ẹ má ṣe sùn sábẹ́ igi àgbọn tí ó léso. Ẹ mú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, tọ́ọ̀ṣì, gaàrí, ẹ̀pà àti omi mímu tí ó tó gbogbo yín.

Òkun gan-an ni ó jẹ́ kí n mú gègé. Òkun tiwa kì í ṣe èyí tí a ń rí nínú kàlẹ́ńdà. Láti ìhà gúúsù Àtìláńtíìkì lọ́hùn-ún ni ìgbì ti ń bọ̀, kò sí ohun tí ó dí i lọ́nà títí yóò fi kọlu ilẹ̀ wa. Omi tí ìgbì gbé wá gbọ́dọ̀ padà, ibi tí ó ń gbà padà sì dàbí odò tóóró tí ń fa ohun gbogbo lọ sí ibú. Ìgbì kì í sábà fọ́ lójú ibẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ ni ó máa ń dàbí ẹni pé ó dákẹ́ jù. Ọmọ tí ń bẹ̀rù ìgbì, ibẹ̀ gan-an ni yóò sá lọ.

Bí ó bá mú ènìyàn, kí ó má bá a jìjàkadì, agbára yóò tán. Kí ó léfòó, kí ó nawọ́ sókè, kí ó ké. Bí ó bá mọ̀ ọ́n wẹ̀, kí ó máa lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ etíkun lọ títí omi náà yóò fi tú u sílẹ̀, kí ó tó kọjú sí ilẹ̀. Ẹni tí ó wà lókè kò gbọdọ̀ bẹ́ tẹ̀ lé e lọ́wọ́ òfo. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé pinpin ni kí ó jù sí i. Nínú ilé tiwa, omi kò gbọdọ̀ kọjá kókósẹ̀ ọmọdé, àgbàlagbà kan tí kò mu ọtí tí kò sì tẹ fóònù ni yóò sì máa ṣọ́ wọn, ní wákàtí-wákàtí.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ mú àwọn ọmọ rin ọ̀nà tí wọ́n mú àwọn ẹrú gbà lórí Gberefu dé ibi tí wọ́n ń pè ní Ibi Àlọ-àìpadàbọ̀. Kí ẹ jẹ́ kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n kọ́ parí ní 1845, wà nínú ìlú, bẹ́ẹ̀ náà ni ibi tí igi Agia wà, lábẹ́ èyí tí àwọn míṣọ́nnárì ti wàásù ní 1842. Igi náà wó ní 1959.

Ẹ ra àgbọn kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Ó pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ná an dáadáa, nítorí àwọn ìyá Ègùn mọ ojú àlejò.