Ọmọ tí Ìwé Kò Tètè Wọ̀: Ojúṣe Òbí, Olùkọ́ àti Olùyẹ̀wéwò

ÌFÁÁRÀ

Kò sí olùkọ́ Yorùbá tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí kò mọ irú ọmọ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ dá ṣáṣá lẹ́nu rẹ̀. Ó mọ àlọ́, ó mọ oríkì ìdílé rẹ̀, ó sì gbọ́ òwe. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ìwé fún un, yóò máa wọ́ ọ̀rọ̀ nílẹ̀, yóò máa fo ìlà, ohun tí ó bá sì kọ yóò ṣòro í kà. Òmíràn wà tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún, tí ọkàn rẹ̀ ti kúrò ní kíláàsì kí olùkọ́ tó parí gbólóhùn kan.

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú iṣẹ́ yìí ni ohun tí ó ń ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀, bí òbí ṣe lè tọ́ ọ, àti ohun tí ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ni, tí a sì ń yẹ ìwé ìdánwò wò, ṣe sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, ìlú mẹ́ta tí ó súnmọ́ ara wọn láàárín Òṣogbo àti Ọ̀fà, ni a ó ti mú àpẹẹrẹ, nítorí pé ẹ̀kọ́ àfetígbọ́ àti ẹ̀kọ́ inú ìwé ti jọ wà níbẹ̀ tipẹ́.

OLÓDO: ORÚKỌ TÍ ILÉ-ÌWÉ SỌ ỌMỌ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Olódo ni oní + òdo, ẹni tí ó gba òdo. Máàkì ni ó bí orúkọ yìí. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní January 1955, onírúurú ọmọ ni ó wọ kíláàsì lẹ́ẹ̀kan náà. Oore ńlá ni èyí jẹ́. Síbẹ̀, òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ni a fi ń wọn gbogbo wọn: ìwé kíkà àti ìwé kíkọ.

Òṣùwọ̀n mìíràn wà. Ọ̀mọ̀wé Karin Barber, tí ó gbé Òkukù fún ọdún púpọ̀ láti ṣe ìwádìí oríkì, tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1991. Àwọn obìnrin tí ó ń sun oríkì níbẹ̀ kò kọ́ ọ láti inú ìwé. Wọ́n ń tẹ̀ lé àgbà, wọ́n ń fetí sí i, wọ́n ń gbè é, títí ó fi yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Nínú irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, etí ni ọmọ fi ń kọ́ iṣẹ́, ara rẹ̀ ń rìn, ó sì ń gbọ́ ohun kan náà lọ́pọ̀ ìgbà. Ọmọ tí à ń pè ní olódo lè ṣe dáadáa níbẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní 1896, dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, W. Pringle Morgan, kọ̀wé nípa ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá kan tí ó mọ ìṣirò ṣùgbọ́n tí kò lè ka ọ̀rọ̀ kéékèèké. Olùkọ́ rẹ̀ jẹ́rìí pé bí ó bá jẹ́ pé ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ni ni, ọmọ náà ni ìbá mọ̀ jù ní ilé-ìwé náà.

OHUN TÍ Ó Ń ṢE ỌMỌ NÁÀ

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni ìṣòro yìí pín sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ kan lè ní méjèèjì.

(i) Ìṣòro ìwé kíkà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní dyslexia. Ọpọlọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í tètè so lẹ́tà mọ́ ìró. Kò túmọ̀ sí pé kò ní òye.

(ii) Ìṣòro àìlèfọkànsí-nǹkan, tí wọ́n ń pè ní ADHD. Dókítà George Still sọ̀rọ̀ nípa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1902. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń sáré kiri. Àwọn kan wà tí wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́ ṣùgbọ́n tí ọkàn wọn kò sí nílé. Àwọn dókítà kì í sọ pé ó ń ṣe ọmọ àfi bí ó bá ti hàn kí ọmọ tó pé ọdún méjìlá, tí ó ti tó oṣù mẹ́fà, tí ó sì hàn ní ibi tí ó ju ẹyọ kan lọ, bí ilé àti ilé-ìwé. Nítorí náà, ọmọ tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ ní kíláàsì olùkọ́ kan ṣoṣo, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ni níbẹ̀.

Méjèèjì máa ń rìn nínú ìdílé. Kì í ṣe ìkẹ́kùúkẹ́ ìyá ni ó fà á, kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀run. Ṣùgbọ́n kí a tó gbà pé òun ni, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé: Ṣé ọmọ náà gbọ́ràn dáadáa? Ṣé ó ríran? Ṣé ó jẹun kí ó tó wá? Ṣé ó sùn tó? Ṣé èdè tí a fi ń kọ́ ọ yé e? Iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ.

BÍ Ó ṢE Ń HÀN NÍNÚ ÀKỌSÍLẸ̀ YORÙBÁ

Nínú àkọtọ́ wa, lẹ́tà kan sábà máa ń dúró fún ìró kan. Nínú irú àkọtọ́ bẹ́ẹ̀, bí ti àwọn ará Ítálì àti Finland, ọmọ tí ó ní ìṣòro lè pe ọ̀rọ̀ tọ̀nà níkẹyìn, ṣùgbọ́n yóò pẹ́ kí ó tó pè é. Bí ó ṣe ń falẹ̀ ni kí a máa wò. Ibi tí ó tún ti máa ń ṣòro ni b, d àti p, ẹ̀ka abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, àti pàápàá jù lọ, àmì ohùn. Igba, igbá, ìgbà, igbà àti ìgbá: lẹ́tà kan náà ni, àmì nìkan ni ó yà wọ́n.

Ẹ dán ọmọ náà wò báyìí. Ẹ ní kí ó fi ẹnu lásán pe ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, kí ó sì fi dò, re, mí kọ ohùn wọn lórin. Bí ó bá gbà á tọ̀nà lẹ́nu ṣùgbọ́n tí ó ṣi àmì kọ, a jẹ́ pé ó mọ ohùn Yorùbá. Àmì ni kò tíì mọ̀ ọ́n kọ.

IṢẸ́ ÒBÍ

Nígbà tí bàbá tàbí ìyá bá wá bá wa pé ọmọ àwọn kò gbọ́ràn, ìmọ̀ràn tí a lè fún wọn nìyí:

(a) Kí wọ́n máa rán an ní iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì tún iṣẹ́ náà sọ kí ó tó lọ.
(b) Kí wọ́n pín iṣẹ́ àṣetiléwá sí kéékèèké, ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, kí ó máa dìde láàárín wọn.
(d) Kí wọ́n máa kàwé sí i létí, kí òun náà máa fi ìka tẹ̀ lé ìlà.
(e) Kí wọ́n yìn ín lójú ẹsẹ̀ bí ó bá ṣe rere. Ẹgba kì í kọ́ ojú ní ìwé kíkà.
(ẹ) Kí wọ́n má ṣe gba ìlù tàbí bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí máàkì. Ibẹ̀ ni ó ti ń rí i pé òun náà mọ nǹkan ṣe.

Bí ó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, irú èyí tí ó wà ní Òṣogbo tàbí Ilé-Ifẹ̀.

IṢẸ́ OLÙKỌ́ ÀTI OLÙYẸ̀WÉWÒ

Ká ní olùkọ́ kan ní Ìkìrun fi Ogun Jálumi ṣe àkàyé: bí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣe ṣẹ́gun ní ẹ̀bá Ìkìrun ní 1878, tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sá lọ fi bẹ́ sínú odò Ọ̀tìn. Ọmọ kan dá a kà, ó gba méjì nínú mẹ́wàá. Ẹlòmíràn wá kà á sí i létí, ó sì dáhùn mẹ́jọ. Máàkì méjì sọ bí ó ṣe ń kàwé. Mẹ́jọ ni ó sọ bí àyọkà ṣe yé e tó. Bí olùkọ́ bá ní èkíní nìkan lọ́wọ́, yóò ní kí ọmọ náà tún kíláàsì kà, bẹ́ẹ̀ ni títún kíláàsì kà kò wo ohun tí ó ń ṣe é.

Olùyẹ̀wéwò kò lè tẹ ìlànà máàkì, ìdúróṣinṣin rẹ̀ ni ìdánwò gbé lé. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Èkíní, kí ó má ṣe yọ máàkì àkọtọ́ níbi tí ìlànà kò ti béèrè rẹ̀: ẹni tí ó dárúkọ ẹ̀dá ìtàn tọ̀nà nínú lítíréṣọ̀ ti dáhùn, bí àmì orí orúkọ náà tilẹ̀ ṣì. Èkejì, ní ìpàdé tí a ti ń jíròrò ìlànà, kí ó béèrè ohun tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan fẹ́ wọ̀n gan-an. A ti ń fi àkókò kún ti àwọn afọ́jú. Ó yẹ kí a gbé ọ̀rọ̀ àwọn tí ìwé kíkà ń yọ lẹ́nu náà síwájú àwọn aláṣẹ.

ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

A kò sọ pé kí a sọ àkọtọ́ di yẹpẹrẹ. Ẹgbẹ́ wa ti jà fún un, iṣẹ́ wa sì ni láti kọ́ ọ. Ohun tí à ń sọ ni pé mímọ èdè yàtọ̀ sí mímọ àmì rẹ̀ í kọ, àti pé olùkọ́ tí ó bá pa méjèèjì pọ̀ lè fi òdo sí iwájú ọmọ tí ó mọ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò kúrò ní ilé-ìwé, yóò sì gbà pé èdè ìyá òun kì í ṣe ti òun.