Owó Tó Ń Ṣáájú Omíyalé

Ìrànwọ́ tí àgbáyé ń ṣe fún àwọn tí omíyalé lé kúrò nílé pín sí oríṣi méjì: èyí tó ń dé lẹ́yìn tí omi ti ṣọṣẹ́, àti èyí tó ń dé kí omi tó dé. Ti àkọ́kọ́ ni ìròyìn máa ń gbé. Nígbà tí ìjì Ditwah da omi bo Sri Lanka, tí omi sì ba Sumatra jẹ́ ní Indonesia, ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 2025, bàálù, àgọ́ àti àpò ìrẹsì ni gbogbo ayé rí. Oríṣi kejì ni àlàyé rẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ọ̀nà àtijọ́ gùn. Omi á ya, ìjọba á ké gbàjarè, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé á ṣírò iye tí wọ́n nílò, àwọn orílẹ̀-èdè olówó á wá ṣèlérí. Ìlérí ọ̀hún ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kà sí owó tó ti wọlé. Omíyalé ọdún 2022 kan èèyàn mílíọ̀nù 33 ní Pakistan, ó sì pa ohun tó lé ní 1,700. Ní ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Geneva lóṣù Kìíní ọdún 2023, ìlérí tó jáde lé ní bílíọ̀nù 9 dọ́là. Ṣùgbọ́n owó yíyá ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, iṣẹ́ tí yóò gba ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì so ó mọ́. Kì í ṣe owó tí ẹni tó ń sùn sétí títì lè fi ra oúnjẹ alẹ́.

Oríṣi kejì yí ètò náà padà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ara ṣì balẹ̀, wọ́n á fẹnu kò lórí ohun mẹ́ta: àmì tí wọn yóò máa ṣọ́, owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀, àti iṣẹ́ tí àjọ kọ̀ọ̀kan yóò ṣe. Àmì náà kì í ṣe omi tó ti wọlé. Àsọtẹ́lẹ̀ ni: bí odò yóò ṣe kún tó, ọjọ́ mélòó ló kù, àti bó ṣe dájú tó. Bí àsọtẹ́lẹ̀ bá ti kan ojú ìlà tí wọ́n fà, owó á jáde láìsí ìpàdé mìíràn. CERF, àpò owó pàjáwìrì tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ń lò láti ọdún 2006, wà lára àwọn tó ń san án.

Bangladesh ni wọ́n máa ń tọ́ka sí jù. Odò Jamuna máa ń kún níbẹ̀ lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n odò tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kì í kún lójijì. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2020, àsọtẹ́lẹ̀ fi hàn pé omi ńlá ń bọ̀. CERF tú mílíọ̀nù 5.2 dọ́là sílẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan, nǹkan bí 220,000 èèyàn ló sì jàǹfààní rẹ̀. WFP, àjọ oúnjẹ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, fi owó ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn ìdílé. FAO, àjọ rẹ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀, pín oúnjẹ ẹran ọ̀sìn àti àgbá tí omi kò lè wọ̀. UNFPA, àjọ rẹ̀ tó ń rí sí ìlera ìbímọ, pín ohun èlò ìmọ́tótó fún àwọn obìnrin. Ẹni tó bá rí owó gbà kí omi tó dé lè ra oúnjẹ kó tó wọ́n, ó sì lè háyà ọkọ̀ ojú omi kó màlúù rẹ̀ sá. Ẹni tó gba iye kan náà lẹ́yìn tí màlúù ti bómi lọ, gbèsè ni yóò fi san. Bí àsọtẹ́lẹ̀ bá sì tàsé, owó náà kò ṣègbé, nítorí ọwọ́ tálákà ló wà.

Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Oxford lọ́wọ́ sí fi hàn pé, láàárín àwọn tó gba owó WFP náà, iye àwọn tó lo odidi ọjọ́ kan láìjẹun fi ìdá 36 nínú 100 dín sí ti àwọn tí kò gbà. Ní Nàìjíríà, àjọ International Rescue Committee dán irú rẹ̀ wò ní ìpínlẹ̀ Adamawa lọ́dún 2022: àwọn ìdílé kan gbowó kí omi tó dé, àwọn mìíràn gbà á lẹ́yìn. Àwọn tó tètè gbà ló múra sílẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ìba díẹ̀ lèyí kàn. Lọ́dún yẹn kan náà, omi lé èèyàn tó ju mílíọ̀nù kan kúrò nílé ní Nàìjíríà, ó sì pa ohun tó lé ní 600.

Ní Kano, ní àríwá Nàìjíríà kan náà, omi oríṣi méjì ló ń ṣọṣẹ́, ọ̀kan péré nínú wọn sì ni ìlànà yìí bá mu. Àkọ́kọ́ ni omi odò. Omi tó bá kúrò ní dáàmù Tiga àti Challawa Gorge ń bá odò Hadejia lọ sí Jigawa, ó sì máa ń pẹ́ lọ́nà. Ìkìlọ̀ lè ṣáájú rẹ̀, owó náà sì lè ṣáájú rẹ̀, àfi bí dáàmù bá ya, bí ti Bagauda lọ́dún 1988.

Èkejì ni àgbàrá ìgboro. Sabon Gari, àdúgbò kan ní ìgboro Kano tí ìjọba amúnisìn là sílẹ̀ fún Yorùbá àti àwọn àlejò mìíràn lẹ́yìn tí rélùwéè dé Kano, ti kún dẹ́nu fún ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Bí gọ́tà bá ti dí, òjò wákàtí kan tó láti sọ títì di odò. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2022, omi wọ ọjà aṣọ Kantin Kwari tí kò jìnnà síbẹ̀, ó ba ọjà jẹ́ fún àwọn oníṣòwò, ọ̀pọ̀ sì dá ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà omi lẹ́bi. Kò sí àsọtẹ́lẹ̀ ọjọ́ márùn-ún fún irú omi yìí, kò sì dájú pé àpò owó kankan ní òkè òkun lè sáré tó o.

Ó jọ pé owó tó lè ṣáájú omi ní Sabon Gari kò ju owó gọ́tà lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn ló yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ Fagge, ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti àwọn onílé ná an, kí òjò tó fìdí múlẹ̀ lóṣù Kẹfà.