Ohun Tó Jẹ́ Kí USB Borí

Bí a bá bi ọ̀pọ̀ ènìyàn pé kí ló dé tí USB fi lé àwọn ihò àtijọ́ kúrò lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, wọn á ní nítorí pé ó yára ni. Ìṣirò kò gbè wọ́n. Nígbà tí USB àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kìíní ọdún 1996, mílíọ̀nù 12 bíìtì ló lè gbé jù ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn mílíọ̀nù kan ààbọ̀ báìtì. Ihò gbọọrọ ti pírǹtà ayé ìgbà náà, irú èyí tó tẹ̀ lé ìlànà IEEE 1284 ti ọdún 1994, lè gbé tó mílíọ̀nù méjì báìtì. Ohun tuntun lọ́ra ju ti àtijọ́ lọ, síbẹ̀ òun ló borí. Lójú tèmi, ohun tó gbé e lékè ni pé ohun tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà ló ń fẹnu ara rẹ̀ sọ irú ohun tí òun jẹ́. Ẹni tó ni ín kò ní láti ṣàlàyé fún kọ̀ǹpútà mọ́.

Ihò àtijọ́ kì í mọ ohun tó wà lódìkejì wáyà. Ihò síríà, tí ìlànà RS-232 rẹ̀ ti wà láti ọdún 1960, kàn ń gbé iná lọ, ó ń gbé e bọ̀ ni. Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ sọ fún kọ̀ǹpútà pé módẹ́ẹ̀mù nìyí, bó ṣe ń yára sọ̀rọ̀ nìyí. Ihò kọ̀ọ̀kan tún ní nọ́ńbà tó fi ń ké sí kọ̀ǹpútà: COM1, ìyẹn ihò síríà àkọ́kọ́, ń lo 4, pírǹtà ń lo 7, mọ́ọ̀sì PS/2 ń lo 12. Mẹ́rìndínlógún péré ni gbogbo nọ́ńbà náà, COM3 sì ń bá COM1 pín 4, nítorí náà mọ́ọ̀sì tó wà ní COM1 àti módẹ́ẹ̀mù tó wà ní COM3 lè máa dí ara wọn lọ́wọ́ láìsí ohun tó bàjẹ́ lára èyíkéyìí nínú wọn.

Wáyà mẹ́rin ni USB àkọ́kọ́ ní: méjì fún iná fólítì 5, méjì fún ọ̀rọ̀. Ẹ wo ẹnu rẹ̀ dáadáa, irin tó ń gbé iná gùn ju irin tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, kí iná lè kọ́kọ́ dé. Ìdí nìyẹn tí a fi lè so ó láì pa kọ̀ǹpútà. Ohun tí a so yóò wá gbé iná sórí ọ̀kan nínú wáyà ọ̀rọ̀ méjèèjì, èyí tó bá yàn yóò sì fi hàn bóyá ó yára tàbí ó lọ́ra. Nígbà náà ni kọ̀ǹpútà á bi í léèrè: ta ló ṣe ọ́, irú kí ni ọ́, báwo ni iná tí o ń fẹ́ ṣe pọ̀ tó? Á fún un ní nọ́ńbà láàárín 1 sí 127, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Bí Apple ṣe lè yọ àwọn ihò àtijọ́ ti kíbọ́ọ̀dù àti pírǹtà kúrò lára iMac ní ọdún 1998 nìyẹn.

Àwọn kan á ta kò mí pé kíbọ́ọ̀dù PS/2 kì í dúró de ìbéèrè: bí a bá ti tẹ̀ ẹ́ ló ti ké sí kọ̀ǹpútà, nígbà tí ti USB ń dúró kí wọ́n bi í. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sọ́nà 1,000, ìdúró náà kì í sábà ju 10 nínú rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń tẹ̀wé kò lè mọ̀ ọ́n. Àtakò tó wúwo ni pé kọ̀ǹpútà ń gba ìdáhùn náà gbọ́ láìwádìí. Ní ọdún 2014, àwọn olùwádìí ààbò kọ̀ǹpútà méjì, Karsten Nohl àti Jakob Lell, fi hàn ní ìpàdé Black Hat pé a lè tún ọpọlọ fláàṣì ṣe kó máa pe ara rẹ̀ ní kíbọ́ọ̀dù, kó sì máa tẹ àṣẹ láìsí ọwọ́ ènìyàn. Mi ò ní ìdáhùn tó pa èyí rẹ́: ibi tí ìwúlò USB ti wá gan-an ni ewu rẹ̀ ti wá. Ó tọ́ kí ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó tàbí àṣírí aláìsàn ti ihò USB rẹ̀ mọ́ ohun tí kò bá mọ̀. Mi ò sì ní bá ẹni tó ń tún ráótà ṣe jiyàn bó bá di síríà rẹ̀ mú. Wáyà rẹ̀ lè gùn tó mítà 15, ti USB 2.0 kò gbọdọ̀ ju mítà 5 lọ. Bí ètò inú ráótà bá sì ti dojú dé, tí kò sí ohun tó lè béèrè ìbéèrè USB mọ́, àṣẹ díẹ̀ péré ti tó láti mú kí síríà sọ̀rọ̀.