Nígbà Tí Eré Bá Ń Wàásù

Ní ìsinmi Kérésìmesì tí ó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù, wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa ní Ìbàdàn. Ìwé ńlá kan tí etí rẹ̀ ti ká ni ọmọ náà kọ́kọ́ yọ nínú àpò rẹ̀, ìwé tí bàbá rẹ̀ rà nígbà èwe, àti dáìsì olójú ogún kan. Dungeons & Dragons ni orúkọ eré náà.

Fún ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, Gary Gygax àti Dave Arneson ni wọ́n gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974. Ẹnì kan ni yóò máa darí ìtàn. Àwọn yòókù yóò gbé ẹ̀dá kan wọ̀ bí ẹ̀wù, ìbáà ṣe jagunjagun, oṣó tàbí olè. Wọn yóò sọ ohun tí ẹ̀dá náà fẹ́ ṣe, dáìsì yóò sì sọ bóyá ó bọ́ sí i. Ẹni tí ó bá ti jókòó sí ìdí àlọ́ rí, tí àwọn ọmọdé ń já ìtàn gbà lẹ́nu apàlọ́, ti mọ ìdajì rẹ̀.

Àdàlù ènìyàn àti orc ni mo yàn, nítorí pé àwòrán rẹ̀ wù mí. Ọmọ náà ṣí ìwé, ó ní kí n yọ méjì kúrò nínú òye mi, kí n sì yọ méjì kúrò nínú iyì mi lójú ènìyàn. Mo bi í pé kí ló dé.

“Bí wọ́n ṣe ń bí wọn nìyẹn, Àǹtí.” Ó dákẹ́ díẹ̀. “Ọmọ kan wà ní kíláàsì wa tí ó máa ń pè mí ní orc.”

Ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ń já ẹ̀fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kò gbé ojú sókè. “Eré ni eré ń jẹ́. Ẹ má kó òṣèlú wọ̀ ọ́.”

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ta eré yìí ni wọ́n ń sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ yìí, mo sì mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Eré tí ó ń wàásù máa ń súni. Ṣùgbọ́n “yọ méjì” yẹn náà, ìwàásù ni. Nọ́ńbà tí wọ́n fi kọ ọ́ ni kò jẹ́ kí a gbọ́ ohùn oníwàásù.

Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ẹ̀rù ba àwọn òbí kan ní Amẹ́ríkà pé eré náà ń fa ọmọ wọn lọ sọ́dọ̀ èṣù. Nígbà tí ẹ̀dà kejì jáde ní 1989, wọ́n yọ orúkọ àwọn ẹ̀mí èṣù kúrò. Ní 2020, ilé-iṣẹ́ Wizards of the Coast tí ó ni eré náà báyìí fúnra rẹ̀ gbà pé bí ìwé àtijọ́ ṣe ṣàpèjúwe orc jọ bí a ṣe ń bu àwọn ẹ̀yà ènìyàn gidi kù. Nínú ìwé ọdún 2024, wọn kò pè é ní ẹ̀yà mọ́, irú ẹ̀dá ni wọ́n ń pè é. Inú bí àwọn kan, wọ́n ní òṣèlú ti wọlé. Èmi rò pé ó ti wà nínú ilé tipẹ́.

Kí a má tilẹ̀ lọ jìnnà. Àwọn eégún aláré wa máa ń fi Tápà, Gàm̀bàrí àti Òyìnbó ṣe ẹ̀fẹ̀, àwọn baba wa a sì rẹ́rìn-ín títí. Ní yunifásítì, èmi náà kọ ọ́ sínú ìdánwò gẹ́gẹ́ bí ẹwà àṣà, n kò sì bi ara mi rí bí ó ti rí lára Tápà tí ó dúró láàárín èrò. Nígbà tí Hubert Ogunde ṣe Yorùbá Ronú ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀. Ìjọba ológun ni ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà ní 1966. Ìjọba yẹn kò ní ẹ̀tanú kankan sí ọ̀rọ̀ pé eré lásán ni.

Àmọ́ o, iṣẹ́ tí a bá rán eré kì í sábà dé ibi tí a rán an. Elizabeth Magie gba ìwé àṣẹ lórí The Landlord’s Game ní 1904 kí ó lè fi ibi tí ìkójọ ilẹ̀ sọ́wọ́ ẹni díẹ̀ ń ṣe hàn. Nínú rẹ̀ ni Mọnópólì ti jáde, èyí tí a fi ń sọ ara wa di òtòṣì pẹ̀lú ayọ̀ nígbà ọlidé.

Nítorí náà, n kò bẹ̀bẹ̀ fún eré tí yóò dá mi lẹ́kọ̀ọ́ tán kí n tó ju dáìsì. Kí ó gbé mi dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le, kí ó sì bi mí pé kí ni n ó ṣe. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mọ èyí ju ilé-iṣẹ́ lọ. Ó fi méjì náà sílẹ̀ bí ìwé ṣe wí, ó mú orc mi dé ẹnubodè ìlú kan ní òru, nínú òjò, oníbodè sì wò mí lójú, ó ní irú wa kì í wọ ìlú.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹ̀fọ́ sílẹ̀. “Kí ni ó ṣe fún wọn?”

“Kò ṣe nǹkan kan, Mọ́mì.”

Ó na ọwọ́, ó ní kí wọ́n gbé dáìsì wá, òun fẹ́ bá oníbodè sọ̀rọ̀. Ó jù ú. Mẹ́rin ni ó bọ́ sí. Ilẹ̀kùn kò ṣí.

Ó ní òun yóò tún un jù.